Ẹtì Tìrẹ, Ẹtì Tèmi

Losivale ń lọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Iakopo ni. Ó gbé e sétí tẹ̀rín-tẹ̀rín, nítorí pé láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń fẹ́ra, ohùn ọkùnrin yìí ṣì máa ń ṣe é bí omi tútù tí wọ́n dà sí ènìyàn lẹ́yìn nínú oòrùn.

"Losi, níbo lo wà?"

"Ilé ni mo wà."

"Ilé ta?"

"Ilé Àǹtí, ní Vaitele. Kí ló dé tí ò ń bèèrè bí ọlọ́pàá?"

Losivale ń gbọ́ ariwo èrò lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àpótí nílẹ̀.

"Pápákọ̀ òfurufú ni mo wà níbí," ni Iakopo wí. "Báàlù àárọ̀ láti Apia ti dé. Gbogbo èrò inú rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Mo dúró títí awakọ̀ pàápàá fi sọ̀kalẹ̀. Mi ò rí ọ."

"Báwo lo ṣe máa rí mi? Ọ̀la ni mò ń bọ̀. Ṣebí Ẹtì lo sọ."

"Ẹtì lòní, Losi. Lọ́dọ̀ tiyín níbẹ̀, Ẹtì lòní."

Losivale gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kó tó jó o. Ó jókòó sórí àpótí aṣọ tó wà nítòsí.

Ẹni tó bá ń gbé láàárín Apia àti Tutuila mọ ọ̀rọ̀ yìí bí ó ti mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Oòrùn kan náà ló ń ràn sórí erékùṣù méjèèjì, aago kan náà ló ń lù fún wọn, ìrìn báàlù láàárín wọn kò sì ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wọn kò dọ́gba. Bí Apia bá wà ní Ẹtì, Ọjọ́bọ̀ ni Tutuila ṣì wà. Ẹni tó bá gbéra ní Apia lónìí, àná ni yóò bá lọ́hùn-ún. Ọmọdé kì í ṣì í ṣírò.

Ìfẹ́ ló mú kí àwọn méjèèjì ṣì í ṣírò. Nígbà ọdún Kérésì, ìjà kékeré kan ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Losivale ló sọ̀rọ̀ kan síta pé, "Èmi ni mò ń wọ ọkọ̀ wá nígbà gbogbo, èmi náà ni n ó tún máa bá ọ ṣírò ọjọ́? Ọjọ́ tìrẹ nìkan lo mọ̀." Ọ̀rọ̀ náà dun Iakopo wọnú egungun. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé ọjọ́ Apia ni òun yóò máa fi bá a sọ̀rọ̀. Losivale náà kábàámọ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì pinnu pé òun yóò máa ṣírò láìráhùn mọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì. Nítorí náà, nígbà tí Iakopo sọ pé, "Wá ní Ẹtì, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni n ó gbéra," ó ti bá a ṣírò rẹ̀ tán. Losivale tún ṣírò lé e lórí. Ó rò pé Ẹtì ti Tutuila ni, èyí tó máa jẹ́ Àbámẹ́ta ní Apia, ó sì lọ gba ìwé ọkọ̀ ti Àbámẹ́ta.

Ká ní kò sí ohun míì níbẹ̀, wọn ì bá fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Iakopo ń lọ sí Honolulu. Ó ti rí iṣẹ́ ajórin-mọ́rin ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, iṣẹ́ ọdún méjì láìsí ìsinmi. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ló ra ìwé ọkọ̀ fún un, kò sì ṣe é sún síwájú. Pásítọ̀ ìlú rẹ̀ ní Leone yóò so wọ́n pọ̀ lọ́sàn-án, kó tó lọ. Losivale mọ ohun tí ọdún méjì lè ṣe. Ó mọ ọmọbìnrin tó ju ẹyọ kan lọ ní Vaitele tí ọkùnrin rẹ̀ fi ìlérí sílẹ̀ lọ sí òkè òkun, tó jẹ́ pé fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn ni wọ́n rí gbà.

"Báàlù kan ṣì wà lọ́sàn-án," Iakopo wí. "Wọ́n ní ó ti kún. Ṣùgbọ́n wá, Losi. Jọ̀ọ́, wá."

"Ó rẹ̀ mí, Iakopo." Òun gan-an kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

"Ó rẹ èmi náà. Láti ibi iṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ ẹja ni mo ti wá síbí, òórùn ẹja ṣì wà lára mi. Wá bẹ́ẹ̀."

Àǹtí Moelagi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń rin àgbọn. Àbúrò ìyá Losivale ni, òun ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Losivale ṣàlàyé fún un. Obìnrin náà kò dá iṣẹ́ dúró títí tó fi sọ tán.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé ẹ lọ sílé ìwé?"

"A lọ, Àǹtí."

"Ẹ lọ dá ẹ̀kọ́ náà padà fún olùkọ́ yín." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹní ńkọ́?"

Losivale ti mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. Ẹní ọlà tí ìyá rẹ̀ hun kó tó kú, tó rọ̀ bí aṣọ àlà, tí ìyẹ́ pupa wà létí rẹ̀, erékùṣù Savai'i ló wà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá. Ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbé e wọ̀ wá. Ẹní yìí ni ẹbí ìyàwó máa ń tẹ́ síwájú ẹbí ọkọ. Obìnrin tó bá wọlé ọkọ láìsí ẹní, wọn kò ní lé e, wọn kò sì ní bú u. Wọ́n kàn máa mọ̀ ni, àwọn ọmọ rẹ̀ náà á mọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé pápákọ̀ Faleolo, Àǹtí," ni Losivale wí. "Bóyá báàlù pàápàá ò ní gbà mí."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Èrò kún inú rẹ̀ débi pé orí itan Àǹtí Moelagi ni Losivale jókòó sí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, bí a ti ń wọkọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Òkun ń kọjá lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń dán bí ìgbà tí ayé ò ní wàhálà kankan. Losivale ń ronú iye ìgbà tó ti gba ọ̀nà yìí lọ, tó tún ti gbà á bọ̀, tìfẹ́-tìfẹ́ nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà tìfẹ́-tàárẹ̀. Ìdajì wákàtí péré lókè, ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó dé ibi ìdajì wákàtí náà, ó ti fi ọjọ́ kan wá owó, ó ti fi òmíràn bẹ ọ̀gá rẹ̀ níbi tó ti ń ránṣọ, ó sì ti fi òru kan ronú ohun tí yóò wọ̀. Bí ó bá tún ń padà bọ̀, wọ́n á gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ lójú òfurufú.

Ní pápákọ̀, Feleti, òṣìṣẹ́ báàlù, ló wà nídìí òṣùwọ̀n. Báàlù kékeré ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí Tutuila, nítorí náà wọ́n ń wọn ènìyàn bí wọ́n ti ń wọn ẹrù. Feleti ní ohùn, kì í sì í pa á mọ́.

"Ìwọ̀n ti pé," ó wí. "Àga kan ṣófo, nítorí pé ẹnì kan ò wá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ti pé."

"Bí àga bá ṣófo, kí ló tún kù?" Àǹtí Moelagi bi í.

"Àga kọ́ ló ń gbé báàlù, Màmá. Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Wọ́n wẹ̀yìn. Àwọn aṣọ̀fọ̀ ló jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ dúdú, pẹ̀lú òkìtì ẹní tí wọ́n dì sínú aṣọ, àti àpò kókò tó sanra bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Olóyè ńlá kan jókòó láàárín wọn, ó fẹ̀ débi pé ó gba àga méjì.

"Kí gbogbo yín má wò mí bẹ́ẹ̀," olóyè náà wí. "Wọ́n ti wọ̀n mí láàárọ̀, wọ́n sì ti pariwo rẹ̀. Mi ò ní bọ́ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀."

Àwọn obìnrin inú wọn rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́, bí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

"Gun orí rẹ̀ ká wò," Feleti sọ fún Losivale.

Losivale bọ́ bàtà, ó gun òṣùwọ̀n.

"Ọgọ́rin kílò," Feleti kéde fún gbogbo ayé.

"Pẹ̀lú báàgì ni," Losivale wí.

"Báàgì wà nílẹ̀, arábìnrin."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ojú tì í díẹ̀, àmọ́ àárẹ̀ ò jẹ́ kí ìtìjú náà jinlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "lọ́sàn-án yìí ni wọ́n fẹ́ so mí pọ̀ mọ́ ọkọ mi. Lálẹ́ ló ń lọ sí Honolulu. Bí mi ò bá bá báàlù yìí lọ, ó di ọdún méjì. Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i."

Feleti wò ó. Kò sí àwàdà lójú rẹ̀ mọ́. "Bí ọgọ́rin kílò bá bọ́ sílẹ̀, wàá wọlé. Èmi ò lè mú òfurufú gba ohun tí kò gbà."

Ìyá àgbà kan dìde láàárín àwọn aṣọ̀fọ̀. Taligi ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ṣáájú wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kú. Ó wá síwájú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan àpò kókò kan.

"Kókò yìí, ìwọ̀n rẹ̀ tó tirẹ̀ bí?"

"Tí ẹ bá fi èkejì kún un, Ìyá, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Gbé méjèèjì sílẹ̀."

"Ìyá," ni olóyè náà wí, "oúnjẹ ìsìnkú nìyẹn."

"Ẹni tó kú ò ní jẹ ẹ́. Àwọn tó wà láàyè ní Tutuila á jẹ ìrẹsì, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí oúnjẹ bá ń dùn ọ́, jókòó tì í níbí, à á tún rí àyè mú ẹlòmíràn."

Feleti wọ́ àpò méjèèjì kúrò lórí ẹrù. Ọkàn Losivale fò sókè bí ẹyẹ, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyá náà, ṣùgbọ́n Àǹtí Moelagi di apá rẹ̀ mú.

"A dúpẹ́, Ìyá," Àǹtí wí. "Ẹ ṣe é gan-an. Ṣùgbọ́n kò ní lọ."

"Àǹtí!"

"Kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ìyá rẹ ò sí láyé, èmi ni ojú rẹ̀. Ṣé kí wọ́n wí pé ọmọ Moelagi wọlé ọkọ bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra búrẹ́dì? Èmi ò bá ọ lọ, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ fún ọ, kò sí ẹní. Kí lo máa tẹ́ síwájú ìyá rẹ̀? Ìwé ọkọ̀?"

Losivale fẹ́ sọ pé ìfẹ́ tó. Nínú gbogbo ìtàn ìfẹ́ tó ti gbọ́, ìfẹ́ máa ń tó. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Àǹtí rẹ̀, ó rí i pé omi wà níbẹ̀, kò sì lè sọ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ lórí símẹ́ńtì. "Ó ti rẹ̀ mí, Àǹtí," ó wí. "Ẹ ṣe bí ẹ bá ti fẹ́."

Ìyá Taligi ṣì dúró síbẹ̀. "Ìlú wo ni ọkọ náà?"

"Leone ni," Losivale dáhùn.

"Ilé ta ní Leone?"

Losivale sọ orúkọ ìdílé Iakopo. Ìyá àgbà náà mi orí, ó jọ pé ó ń to nǹkan pọ̀ nínú ara rẹ̀. Ó yíjú sí Àǹtí Moelagi.

"Leone ni a ti ń sin ẹ̀gbọ́n mi. Ìdílé ọkùnrin yìí gbọ́dọ̀ gbé ẹní wá síbi òkú lálẹ́ òní, nítorí pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ara wọn ni. O gbọ́ mi? Ẹní tó tóbi jù nínú tiwa yìí, kí ọmọ rẹ gbé e. Tí a bá ti sọ̀kalẹ̀, kó tẹ́ ẹ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Èmi ni n ó sọ̀rọ̀ fún un, n ó dúró bí ẹbí. Lálẹ́, ìyá ọkọ á gbé e wá síbi òkú bí àṣà. Ẹní á dé ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Ó kàn máa gba ilé wọn kọjá ni."

Àǹtí Moelagi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú ara rẹ̀. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹní ọlà ti ń rìn nìyẹn láti ayébáyé, láti ilé ìyàwó sí ilé òkú, láti ilé òkú sí ilé oyè, kì í pẹ́ níbì kan. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé èyí yóò sáré díẹ̀.

"Kí ni a ó fi san oore yìí, Ìyá?"

"Kí òun náà bá wa fọ abọ́ lálẹ́. A ò pọ̀."

Àǹtí Moelagi tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára Losivale. Ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí Losivale ṣì ń lọ sílé ìwé. "Máa lọ," ó wí. "Lọ kí n tó tún inú rò."

Losivale pe Iakopo pé kó mú ìyá rẹ̀ wá sí pápákọ̀, báàlù sì gbéra. Losivale jókòó pẹ̀lú ẹní ńlá náà lórí itan, ó wúwo, ó sì ń rùn bí epo àgbọn àti ewé gbígbẹ. Ìyá Taligi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti ń lọ bá a?"

"Ọdún mẹ́rin, Ìyá."

"Òun náà ń wá?"

"Ó máa ń wá bí wọ́n bá fún un láyè níbi iṣẹ́. Kì í ṣe púpọ̀."

"Ìwọ lò ń rìn nígbà náà."

"Èmi ni."

"Ó dáa," ìyá náà wí, kò sì sọ ohun tó dáa nínú rẹ̀.

Losivale wo ojú fèrèsé. Omi ni, omi títí lọ. Ibì kan wà lójú omi yìí tí Ẹtì ti ń parí tí Ọjọ́bọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìlà, kò sí òpó, ìgbì kan ń bá èkejì lọ ni. Ó ti lo Ọjọ́bọ̀ yìí ní Apia lánàá, aṣọ ló fi ń fọ̀. Ó ní láti tún un lò.

Iakopo dúró níbi ìjáde, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, irun rẹ̀ dúró, aṣọ funfun tó wọ̀ ti rún. Losivale ti ronú pé tí òun bá rí i, òun yóò sáré. Kò sáré. Ó rìn lọ bá a pẹ̀lú ẹní láyà rẹ̀.

"Ẹtì tìrẹ ni mo sọ," Iakopo wí.

"Mo rò pé Ẹtì tìrẹ ni."

"Láti ìgbà wo ni mo tún ti ń sọ tèmi?"

"Láti ọdún mẹ́rin, Iakopo."

Ó ronú sí i. "Òtítọ́ ni," ó wí, ó sì gbé orí rẹ̀ lé èjìká Losivale fún ìgbà díẹ̀, níwájú gbogbo èrò, ohun tí kò ṣe rí. Òórùn ẹja wà lára rẹ̀ lóòótọ́.

Níbẹ̀, lábẹ́ òrùlé pápákọ̀, Ìyá Taligi kó ọ̀fọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ̀rọ̀ ẹbí ìyàwó ní kúkúrú. Losivale àti obìnrin kan nínú àwọn aṣọ̀fọ̀ tú ẹní náà, wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja síwájú ìyá Iakopo, ìyẹ́ pupa ń mì létí rẹ̀. Ìyá Iakopo kígbe ìyìn bó ti yẹ, ó fọwọ́ kan ẹní, ó fọwọ́ kan orí Losivale. Àwọn tó ń gba ẹrù wọn dúró wò. Lẹ́yìn náà wọ́n ká a, wọ́n kó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, aṣọ̀fọ̀ àti ìyàwó, ó di Leone.

Pásítọ̀ kò lè pẹ́, òkú ń dúró dè é. Ó so wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Losivale kò rántí aṣọ tó lọ ní òwúrọ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Inú báàgì ló wà. Aṣọ bọ́ọ̀sì ló fi ṣègbéyàwó.

Àyè díẹ̀ ló kù fún wọn. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àdéhùn wọn ni pé Losivale yóò padà sí Apia lọ dúró lọ́dọ̀ Àǹtí, kó máa ránṣọ rẹ̀, kó máa ka oṣù.

"Honolulu jìnnà," Losivale wí.

"Wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ lókè."

"Nígbà tó bá jẹ́ ọ̀sán níbí, kí ni lọ́hùn-ún?"

"Ọ̀sán náà ni. Wọ́n fi wákàtí kan péré ṣáájú."

"Ọjọ́ ńkọ́?"

"Ọjọ́ kan náà. Bí Ọjọ́bọ̀ bá wà níbí, Ọjọ́bọ̀ ni lọ́hùn-ún."

Losivale fi ìka rẹ̀ ń fa ìka ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tí mo bá padà sí Apia," ó wí, "ìdajì wákàtí ni mo fi jìnnà sí ilé yín, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún méjì yẹn, a ò ní jọ wà nínú ọjọ́ kan náà. Tí o bá pè mí, ọ̀kan nínú wa á tún máa ṣírò."

"Losi, mi ò ní sọ pé kí o dúró. Iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀. Àǹtí wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. O ò sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ni kò fẹ́ dìde mọ́. Jẹ́ kí n dúró níbì kan. Abẹ́rẹ́ wà ní Leone náà."

Iakopo di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú títí ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ fi fọn fèrè ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tó lọ tán, Losivale pe Àǹtí Moelagi.

"Wọ́n ti so wá pọ̀, Àǹtí."

"Ẹní náà ńkọ́?"

"Ìyá rẹ̀ gbà á. Ó kígbe dáadáa."

"Ó dáa. Kí n wá pàdé rẹ lọ́jọ́ wo?"

"Àǹtí, mo fẹ́ dúró níbí."

"Mo ti fura," ni Àǹtí wí. "Àwọn ará Savai'i á dé lọ́la. N ó fún wọn ní oúnjẹ. Lọ jẹun, ohùn rẹ ti lọ."

Kò jẹun. Ó lọ fọ abọ́ nílé òkú pẹ̀lú àwọn ọmọ Taligi, ó fọ̀ títí ìka rẹ̀ fi hunjọ. Ìyá Iakopo wọlé pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n gbé ẹní ńlá náà, àwọn aṣọ̀fọ̀ sì kígbe ìyìn bí ẹni tí kò rí i rí. Àdúrà ìrọ̀lẹ́ parí, orin bẹ̀rẹ̀. Losivale ti pinnu pé òun yóò jáde lọ wo iná báàlù Honolulu bó bá ń kọjá lórí òkun. Ó jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀ láti sinmi díẹ̀ ná. Nígbà tí ìró báàlù náà kọjá lórí òrùlé, orí rẹ̀ ti wà ní èjìká obìnrin náà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń sùn. Ẹnì kan nawọ́ láti jí i. Ìyá Iakopo mi orí pé rárá, ó sì ń bá orin lọ.